Táyà Tírélà Tó Jẹ Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan: Kí La Máa Wò Ká Tó Ra Òmíràn?

Bí táyà tírélà kékeré bá jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì nípọn dáadáa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ni ín ni pé kó lọ ra òmíràn. Ní Sabon Zongo ní ìlú Accra, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà. Ọjà Abossey Okai, níbi tí gbogbo Ghana ti ń wá ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, fara kan àdúgbò náà gbágbá. Èèyàn á kúrò láàárín àwọn agboolé tí Malam Bako àtàwọn Hausa ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ dó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sì ní pẹ́ tí á fi bá ara rẹ̀ láàárín táyà, ríìmù, sípíríǹgì àti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Á dúnàá dúrà, á sanwó, fọkanáísà á bá a gbé e wọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ kan náà á tún ti jẹ.

Owó tó ń ṣòfò báyìí máa ń dùn mí, nítorí pé táyà àtijọ́ ti fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn kí wọ́n tó jù ú nù. Wọn ò kàn wò ó ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ táyà tó ti jẹ la máa kọ́kọ́ dé nínú àlàyé yìí, ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òmíràn.

Tírélà tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń kó ẹrù láti èbúté Tema lọ sí Burkina Faso. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, tí píkọ́ọ̀pù tàbí ọkọ̀ kékeré ń fà lẹ́yìn: èyí tí wọ́n fi ń kó kánópì àti àga lọ sí òde ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ, èyí tí jẹnẹrétọ̀ wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ. Ní Britain àti Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ kan wà tó ní ibùsùn àti ìdáná nínú, tí ìdílé máa ń fà lọ síbi ìsinmi. Bó ti wù kí ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀ tó, ohun kan náà ló ń ba táyà gbogbo wọn jẹ́.

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń yí ẹsẹ̀ tírélà, sítíárì kò sì darí rẹ̀. Ó kàn ń yí tẹ̀lé ọkọ̀ ni. Nítorí náà, ohun tó lè mú kí táyà rẹ̀ jẹ ṣégeṣège kò pọ̀: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹrù orí rẹ̀, ásù (ìyẹn ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì pọ̀), béárìn, sípíríǹgì, àti bíréèkì bó bá ní. Ìyẹn jẹ́ kí ìwádìí rọrùn ju ti ọkọ̀ lọ.

Ẹ wo ojú táyà náà lójú mọmọ kí ẹ tó tú u. Ẹ fi ẹfun sàmì sí i pé ọ̀tún ni tàbí òsì, kí ẹ sì sàmì sí etí tó kọjú síta. Bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ tó dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn níwájú fọkanáísà, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá mọ́.

Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín ṣì ga, afẹ́fẹ́ kò tó fún ẹrù tó ń gbé. Bí àárín bá jẹ tí etí méjèèjì ṣì ga, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ etí kan péré ló jẹ, ẹsẹ̀ náà kò dúró ṣánṣán, tàbí kò kọjú síbi tí tírélà ń lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà láti ìta wá sínú, kí ẹ sì tún pa á padà: bí ó bá dán lọ́nà kan tó sì ń họ ọwọ́ lọ́nà kejì, ẹsẹ̀ náà ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń yí, ọ̀nà sì ń fá rọ́bà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ní kòtò kéékèèké káàkiri, ẹ fura sí bálánsì, sí béárìn tó ti jẹ, tàbí sí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú. Ojú kan ṣoṣo tó pẹlẹbẹ lára táyà tó dára níbi yòókù túmọ̀ sí pé bíréèkì ti mú ẹsẹ̀ náà dúró gbọin rí nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré.

Etí inú tó jẹ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun la sábà ń rí lára tírélà tí wẹ́dà ṣe ládùúgbò, òun náà ló sì ń jẹ owó jù. Sípíríǹgì máa ń jókòó lórí ásù ní ìhà inú, ẹsẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ níta. Bí ẹrù bá wúwo, ó ń ti ásù wálẹ̀ níbi tí sípíríǹgì wà, ilẹ̀ sì ń ti ẹsẹ̀ sókè ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ọ̀pá tí wọ́n ń tì báyẹn á tẹ̀: àárín rẹ̀ á wálẹ̀, orí táyà méjèèjì á dà sínú, etí inú á wá máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ásù tírélà mọ èyí. Wọ́n máa ń tẹ ásù díẹ̀ kó tó jáde lọ́wọ́ wọn, tí àárín rẹ̀ á ga sókè, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹrù bá gun orí rẹ̀ ni yóò tó gún régé. Wẹ́dà tó gé páìpù tó gún, tó jó o mọ́ ìdí ẹsẹ̀, rí i lójú pé iṣẹ́ òun gún, òótọ́ sì ni, àmọ́ tírélà òfìfo ló ń wò. Bí ásù tó ní ìtẹ̀ láti ilé iṣẹ́ bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, tó dojú rẹ̀ dé, ìtẹ̀ tó yẹ kó dojú kọ òkè á dojú kọ ilẹ̀, etí inú táyà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti ọjọ́ kìíní. Ásù ẹ̀yìn tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ yẹn àti èèyàn inú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, wọn kò ro ti jẹnẹrétọ̀ àti irin kánópì mọ́ ọn.

Ẹ lè yẹ èyí wò láìlọ síbi ẹ̀rọ aláìmẹ́ǹtì. Ẹ gbé tírélà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí iye ẹrù tó máa ń gbé wà lórí rẹ̀. Ẹ yá okùn tí bírikìlà so irin mọ́ nídìí, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti etí ríìmù lókè àti nísàlẹ̀. Bí àlàfo òkè bá ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ti dà sínú. Ẹ kó ẹrù kúrò, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá padà gún nígbà tí kò sẹ́rù, ẹrù ló ju agbára ásù lọ. Bí kò bá padà, ásù ti tẹ̀ pátápátá tàbí kí wọ́n ti dojú rẹ̀ dé, táyà yòówù kí ẹ gbé síbẹ̀ á jẹ.

Ìwọ̀n méjì ló kù, tépù nìkan ló sì gbà. Ẹ wọ̀n láti àárín ojú táyà ọ̀tún sí àárín ojú táyà òsì, lẹ́yìn wọn àti níwájú wọn, ní ìwọ̀n gíga kan náà sílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti iwájú àti tẹ̀yìn bá ju mílímítà 3 lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì kò kọjú síbì kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ na tépù láti ibi tí tírélà ti ń so mọ́ ọkọ̀ dé àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ sì nà án dé àárín ẹsẹ̀ òsì. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, wọ́n jó ásù náà mọ́ ọn ní ìdábùú tó wọ́, tírélà á máa rìn bí akàn lẹ́yìn ọkọ̀, kò sì sí táyà tó máa pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Fún tírélà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí: gíga ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ọkọ̀. Bí imú tírélà bá gbé sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ru èyí tó pọ̀ jù. Bí imú bá dorí kodò, ẹsẹ̀ iwájú ni. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹrù sí i tán. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú.

Nípa ásù tó ti tẹ̀, mi ò fara mọ́ kí wẹ́dà yọ iná sí i kó máa fi òòlù nà án. Irin tí iná ti mú gbóná bẹ́ẹ̀ kì í lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bó bá sì máa kán, lójú ọ̀nà Kumasi tàbí ti Cape Coast ni yóò ti kán, níbi tí trótrò (ọkọ̀ akérò) tó kún fún èèyàn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lágbára jù ú lọ, tàbí kí ẹ dín ẹrù kù.

Béárìn ní tiẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń gbò, béárìn ti jẹ tàbí kò fún dáadáa. Ẹ yí i, kí ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Sabon Zongo kò jìnnà sí odò Odaw, gbogbo ará Accra ló sì mọ ohun tí òjò oṣù Kẹfà ń ṣe ní agbègbè yẹn. Tírélà tí omi bá ti bo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ rí, ẹ ṣí béárìn rẹ̀, ẹ nù ún, kí ẹ fi gíríìsì tuntun sí i, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì gbọ́ ariwo kankan.

Nígbà tí èyí bá ti parí ni ọ̀rọ̀ ọjà ríra tó kàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níwájú ẹni tó ń tajà ni iye kílò tí táyà kan gbọ́dọ̀ gbé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wo ìwọ̀n ríìmù nìkan: ríìmù 14 ni, ẹ fún mi ní táyà 14. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ sára táyà. Bí ó bá jẹ́ 185R14C 102/100R, 185 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, lẹ́tà R àkọ́kọ́ ń sọ bí wọ́n ṣe to wáyà inú rẹ̀, 14 ni ìwọ̀n ríìmù ní íńṣì, C sì ń sọ pé táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Nọ́ńbà 102 ló ṣe kókó. Àtẹ kan tí gbogbo ayé ń lò ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé táyà náà lè ru kílò 850. Nọ́ńbà 100 tó tẹ̀ lé e, ìyẹn kílò 800, jẹ́ ti ìgbà tí táyà méjì bá wà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́tà R tó gbẹ̀yìn ni eré tó gbà, kìlómítà 170 ní wákàtí kan.

Ẹ wá gbé 185/70R14 88T sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ó wọ ríìmù 14 kan náà, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 185 kan náà, lójú ẹni tó ń kọjá lọ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n 88 túmọ̀ sí kílò 560. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í tilẹ̀ gbà kí táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ru tó bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ tírélà: wọ́n á pín in pẹ̀lú 1.1, kílò 509 ló sì máa kù.

Ká ní tírélà fúnra rẹ̀ wúwo tó kílò 400, kánópì, àga àti jẹnẹrétọ̀ sì jẹ́ 900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,300, ẹsẹ̀ méjì ló sì ń rù ú, ìyẹn 650 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ tó ń fà á ń bá a gbé díẹ̀ níbi tí wọ́n ti so pọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣírò, torí ẹrù kì í jókòó síbi tí èèyàn fẹ́ nígbà gbogbo. Táyà 88 méjì máa gbé 1,120. Kò tó. Táyà 102 méjì máa gbé 1,700, àyè sì ṣẹ́ kù fún kòtò ojú ọ̀nà àti fún ọmọ tó tún ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lé e. Ìdámẹ́rin tàbí ìdámárùn-ún agbára táyà ni mo fẹ́ kó máa ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí ẹrù bá kún jù. Ẹni tí kò bá mọ ìwúwo tírélà rẹ̀, kó fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù, kó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹrù. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ti tó.

Àǹfààní ńlá ni pé táyà C kò ṣọ̀wọ́n ní Accra, nítorí òun ni trótrò ń lò. HiAce tó ń gbé èèyàn láti Kaneshie wọ́ 195R15C, tó sábà máa ń ní 106/104 lára. 106 jẹ́ kílò 950. Irú táyà mìíràn wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe fún tírélà nìkan, tí wọ́n kọ ST síwájú ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, kì í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì dára gan-an fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ tí kò ní lẹ́tà eré kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi kìlómítà 105 ní wákàtí kan. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, torí C tó wà lára ST kì í ṣe C ti 185R14C. Lára táyà Amẹ́ríkà, C, D àti E ń tọ́ka sí bí ara táyà ṣe lágbára tó: C dúró fún ìpele (ply) 6, D fún 8, E fún 10, afẹ́fẹ́ tí wọ́n sábà máa ń gbà sì jẹ́ 50, 65 àti 80 psi. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè rò pé òun ra èyí tó lágbára, kó má sì rí bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni táyà tó dára ti ń bàjẹ́. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ fọkanáísà lára láti fi nǹkan bíi 35 psi sí gbogbo táyà tó bá dé iwájú wọn, nítorí pé òun ló bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mu. Táyà 185R14C nílò 65 psi kó tó lè ru kílò 850 rẹ̀. Bí ẹ bá fi 35 sí i, agbára tí ẹ sanwó fún kò sí níbẹ̀. Ẹ sọ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, 65 ni kí ẹ bá mi fi sí i, táyà akẹ́rù ni.” Àmọ́ ẹ wo ríìmù náà kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, torí ríìmù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìwúwo àti afẹ́fẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, fááfù rọ́bà lásán náà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 65 psi. Bí afẹ́fẹ́ bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, fááfù onírin ni kí ẹ fi sí i.

Bí tírélà kì í bá gbé ẹrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, 65 lè pọ̀ jù, àárín táyà á sì máa jẹ. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn láti mọ̀. Ẹ fi ẹfun fa ìlà la ojú táyà kọjá láti etí dé etí, kí ẹ fa tírélà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lọ síwájú díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó gbẹ, kí ẹ wá wo ibi tí ẹfun ti parẹ́. Bó bá parẹ́ láàárín nìkan, ẹ dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀. Bó bá jẹ́ etí méjèèjì nìkan, ẹ fi kún un. Àárọ̀ ni ká máa wọn afẹ́fẹ́, kí tírélà tó gbéra. Bí táyà bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi 1 psi lé sí i fún gbogbo digíríì 5 sí 6 tí ìgbóná bá gùn, ìyẹn kò sì burú. Ẹni tó bá tú u dà lọ́sàn-án nítorí pé gáàjì ga, òun ló ń sọ ọ́ di táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ooru ló ń pa táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí, rọ́bà tó bá sì ń tẹ̀ tó ń nà bẹ́ẹ̀ á gbóná láti inú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Firestone kéde pé òun ń gba táyà mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ wọn wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer. Ojú táyà náà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ lórí eré, ọkọ̀ ń gbókìtì, èèyàn sì ń kú. Ilé iṣẹ́ méjèèjì bá ara wọn jà lórí ẹni tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ooru ti mú jù ni ọ̀ràn náà ti pọ̀ jù, wọ́n sì bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà: Ford ti ní kí wọ́n máa fi 26 psi sí i, Firestone ní 30 ló yẹ. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí òfin TREAD, òun ló sì bí iná tó ń tàn nínú ọkọ̀ òde òní bí afẹ́fẹ́ táyà bá dínkù. Tírélà tí wẹ́dà ṣe kò ní iná yẹn. Táyà rẹ̀ lè ti fẹ́ máa ya kí ẹni tó ń wakọ̀ tó mọ̀.

Ọjọ́ orí táyà ni ohun tí àwọn tó ń rajà kì í béèrè. Tírélà kì í rìn lójoojúmọ́. Ó lè dúró síbì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oòrùn Accra á máa pa á, afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun á máa fẹ́ lù ú, títí rọ́bà rẹ̀ á fi gbẹ, tí á sì sán, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ga síbẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é ṣáájú ọdún 2000, ẹ máa lọ ní tiyín. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà yìí sí lára ọ̀pọ̀ táyà, nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín yí i. Ní Nàìjíríà, àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, sọ pé ọdún 4 ni táyà ní láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe é. Ní Britain, ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ Caravan and Motorhome Club ń fún àwọn tó ń fa ilé ìsinmi kiri ni pé kí wọ́n pààrọ̀ táyà ní ọdún 5, kó má sì kọjá 7. Oòrùn tiwa kì í ṣe tiwọn. Èmi ò ní jẹ́ kó kọjá ọdún 5 ní Accra.

Ẹ má rò pé táyà tó bá ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù kò lè gbó. Igi rọ́bà wà ní Ghana, ó sì wà ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ táyà tó wà ní Bonsa nítòsí Tarkwa ti dákẹ́ tipẹ́, Michelin náà sì ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Táyà tí à ń rà ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti sùn ní ilé ẹrù, ó tún ti sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ọdún méjì lè ti lọ kí ẹ tó fojú kàn án.

Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Nàìjíríà ka táyà àlòkù mọ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, àyàfi ti ọkọ̀ ńláńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Ìmọ̀ràn mi fún tírélà ni pé kí ẹ ra tuntun, nítorí méjì tàbí mẹ́rin péré ni, ó sì máa ń pẹ́. Bí owó kò bá ká a, ẹ ra àlòkù tí wọn kò tíì gbé sórí ríìmù, kí ẹ lè fọwọ́ wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó fọ́ yí inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, tí ìyẹ̀fun rọ́bà sì wà níbẹ̀, wọ́n ti fi rìn láìsí afẹ́fẹ́ rí. Ẹ dá a padà. Ẹ yẹra fún èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, èyí tí wọ́n lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti èyí tí ọ̀dà dúdú tó ń dán bo gbogbo ara rẹ̀, torí ọ̀dà máa ń bo ibi tó sán. Ẹ tún wo bóyá àwòrán òkè kékeré tó ní yìnyín nínú wà lára rẹ̀. Táyà òtútù Yúróòpù ló sábà máa ń jẹ́. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kó lè mú ojú ọ̀nà nígbà yìnyín, bó bá sì dé ojú ọ̀dà tó gbóná níhìn-ín, kíá ni yóò jẹ tán.

Ẹ ra méjì-méjì fún ásù kan, kí ìwọ̀n, irú àti ọjọ́ orí wọn bára mu. Táyà tó ní R ṣáájú ìwọ̀n ríìmù kò gbọ́dọ̀ wà lórí ásù kan náà pẹ̀lú èyí tí kò ní i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bálánsì rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé tírélà ni. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ máa ń dẹ̀ lẹ́yìn táyà tuntun. Bí ẹ bá ti rìn tó kìlómítà 80, ẹ dúró, kí ẹ tún un fún. Níbi tí ẹ bá dúró sí yẹn, ẹ sún ọwọ́ mọ́ ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìtíì fi kàn án. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan tó ń ṣe é. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú wọn bí ẹ ṣe ṣe sí ti àkọ́kọ́. Bí etí kan bá ti ń lọ, ẹ padà sí ásù. Ẹ má dúró dìgbà tí yóò jẹ tán.

Táyà àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà padà sí ọjà pẹ̀lú ọ̀dà dúdú lára. Ẹ má fún àwọn tó ń fi táyà jó irun ẹran. Èéfín rẹ̀ ń wọ inú ẹran, ó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń dáná. Ẹni tó ń ṣe bàtà lè gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ṣe ìjókòó tàbí kí ẹ gbin nǹkan sínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dá ihò mẹ́rin-márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi òjò lè máa jò jáde, torí inú omi tó bá dúró sínú táyà ni ẹ̀fọn ń yé sí.